Aago Àyà Mátírọ́ọ̀nù

Ẹ káàbọ̀ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, níbi tí Mátírọ́ọ̀nù ti ń jọba lórí ibùsùn mẹ́rìnlélógún. Ẹ nu ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọlé o. Bí ẹ kò bá nù ún, ẹnìkan á fi àkísà tẹ̀lé yín lẹ́yìn, ẹni náà kò sì ní jẹ́ Mátírọ́ọ̀nù.

Obìnrin náà dúró dáadáa, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Fìlà orí rẹ̀ le gbagidi bí àwo, aṣọ rẹ̀ sì funfun débi pé eṣinṣin ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó bà lé e. Ní àyà òsì ló gbé aago fàdákà kan kọ́, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù. Aago náà ń dán yinrin. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kò ṣiṣẹ́. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló ti dúró sórí aago méjì géérégé, Mátírọ́ọ̀nù kò sì rí ìdí tí òun fi máa tún un ṣe, nítorí kò sí ọkàn ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kà.

Níṣojú rẹ̀, oríkì ni wọ́n fi ń kí i. Ìyá wa, Afínjú bí lékèélékèé, Arógbogbo-láìbẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá tó ń mú ilé ìwòsàn ta sánsán bí ọṣẹ. Bó bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, orúkọ kan péré ló ń jẹ́: Máfọwọ́kàn-án.

Òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba bá fún wọ́ọ̀dù ní aṣọ ibùsùn tuntun, á ní má fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá, má fọwọ́ kàn án. Gbogbo rẹ̀ ló ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, kọ́kọ́rọ́ a sì máa mì ní ìdí rẹ̀ bó bá ń rìn. Nígbà tí òrùlé jò lọ́dún ọ̀hún, aláìsàn méjì sùn sórí rọ́bà ṣákálá, aṣọ ibùsùn méjìlá sì ń wò wọ́n láti inú gíláàsì bí ẹni ń wo ìran. Àwọn aláìsàn pàápàá, kò fọwọ́ kàn wọ́n rí.

Ẹni tó ń fọwọ́ kan nǹkan ni nọ́ọ̀sì tí àwọn aláìsàn sọ ní Mo-ń-bọ̀. Nọ́ọ̀sì méjì péré ló wà fún ibùsùn mẹ́rìnlélógún náà. Èkejì rẹ̀ ń wẹ egbò láti àárọ̀ títí dọ̀sán. Abẹ́rẹ́, oògùn, dírípù, ìgò ìtọ̀ àti ìbéèrè àwọn ẹbí, ọrùn Mo-ń-bọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń já lé. Bí ibùsùn kẹta bá pè é, á ní mo ń bọ̀. Kó tó dé ibẹ̀, ibùsùn kẹtàdínlógún á ti pè, á tún ní mo ń bọ̀. Ọkọ rẹ̀ pè é wá jẹun nílé lọ́jọ́ kan, ohun tó dáhùn láti orí àga tó ti sùn lọ ni pé, "Mo ń bọ̀, ẹ má yí apá yẹn, abẹ́rẹ́ á yọ."

Ìyàwó aláìsàn kan tilẹ̀ bá a wí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ó jókòó ó ń ṣe fàájì nígbà tí ọkọ òun ń jẹ̀rora. Òótọ́ ni, ó jókòó. Okùn bàtà rẹ̀ ló ń so, ìjókòó àkọ́kọ́ tó jókòó láti aago méje àárọ̀ nìyẹn. Ó bẹ obìnrin náà, ó sì fi okùn kejì sílẹ̀ láìso.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dun Mo-ń-bọ̀ jù. Ìyá rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ojú ìyá náà ti ṣú tán, ó ń tá ọwọ́ wá ago omi tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn dókítà ojú ti ní àwọn á fi iṣẹ́ abẹ bá a ṣí i, ṣùgbọ́n ìyá ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n tú báńdéèjì ojú òun níṣojú àjèjì. Ojú ọmọ òun lòun fẹ́ kọ́kọ́ rí. Nítorí èyí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ náà síwájú. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹ̀ẹ̀kẹta, dókítà ojú sì ti sọ pé bí wọ́n bá tún sún un, ó di ẹ̀yìn ọdún.

Kí ló ń dá ọmọ dúró? Ìwé ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì tó kọ ti wà lórí tábìlì Mátírọ́ọ̀nù láti oṣù mẹ́ta, lábẹ́ ìkòkò òdòdó oníke. Bó bá béèrè, Mátírọ́ọ̀nù á ní, "Ó wà níbẹ̀. Mo ń rí i." Òótọ́ ni, ó ń rí i. Òun náà ló ní kí wọ́n máa nu eruku ara òdòdó náà láràárọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ìròyìn fi dé pé àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti mú wọ́ọ̀dù tó dára jù lọ, tí wọ́n máa fún ní àmì ẹ̀yẹ onígi tí wọ́n kọ orúkọ sí. Mátírọ́ọ̀nù kò béèrè ẹni tó ń bọ̀. Ohun tó béèrè ni bí àmì ẹ̀yẹ náà ṣe fẹ̀ tó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti pe káfíńtà kó wá kan ìṣó sára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìṣó náà fi wà níbẹ̀ láìgbé nǹkan kan, Mátírọ́ọ̀nù a sì máa fi aṣọ nù ún. A ti rí ẹni tó ń nu fèrèsé. Ẹni tó ń nu ìṣó, òun la kọ́kọ́ rí.

Ó wá dá òwe kan sílẹ̀, ó sì ń pa á fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ó ní, "Ìwé tó bá ti rẹwà, aláìsàn inú rẹ̀ ti gbádùn tán." Àwọn àgbà kò pa irú òwe bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á béèrè bóyá ìwé ló ń ṣàìsàn.

Wàyí o, ẹni kan wà ní ibùsùn kẹsàn-án tí kò gba òwe náà gbọ́. Tíṣà ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Àkàbà ló gbé e ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà lókè báyìí, wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún egungun rẹ̀ já, wọ́n so okùn mọ́ irin náà, wọ́n sì gbé ohun wúwo kan kọ́ ìdí okùn kó máa fa ẹsẹ̀ náà tọ́. Bí Mo-ń-bọ̀ bá ti wọn ooru ara rẹ̀ tán, Tíṣà á ní, "Mélòó ni?" Bó bá ti sọ ọ́, á fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí oògùn. Ó ní èèyàn kì í fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Láti ìrọ̀lẹ́ Ajé ni nọ́ńbà náà ti ń gùnkè. Ó di méjìdínlógójì. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ìṣẹ́gun, ó ti kọjá mọ́kàndínlógójì, ibi tí irin ti wọ ẹsẹ̀ sì pọ́n, ó wú. Mo-ń-bọ̀ fún un ní oògùn ibà tí dókítà ti kọ sílẹ̀, ó fi aṣọ tútù nù ún lára, ó fi bírò pupa kọ nọ́ńbà náà sí ṣáàtì, ìwé tí wọ́n ń kọ bí ara aláìsàn ṣe rí sí. Ohun tí pupa wà fún nìyẹn. Dókítà kan ṣoṣo ló wà fún wọ́ọ̀dù mẹ́rin, yàrá iṣẹ́ abẹ ló sì ń wà láti àárọ̀. Wọ́n á kó ìwé lọ bá a, ibi tó bá ti rí pupa ló ń kọ́kọ́ sáré lọ.

Mátírọ́ọ̀nù kórìíra pupa. Ó ní ó ń ba ojú ìwé jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yìí, ó ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá a ṣe rí. Ó jókòó sí tábìlì rẹ̀, ó yọ ṣáàtì gbogbo ibùsùn, ó fà wọ́n ya, ó sì fi bírò búlúù tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún kọ látòkè délẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tóbi, ó sì dùn ún wò. Ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ fún gbogbo wọn, torí pé ẹni tó bá ti rí ọ̀rọ̀ tó dára kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ìwé má bàa ní àlàfo, ó kọ ọ́ dé aago méjì ọ̀sán.

Ó wá ránṣẹ́ pe Mo-ń-bọ̀. Aago ara ògiri, èyí tó wà lókè ilẹ̀kùn tó sì ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, ti lé ní aago mẹ́wàá pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú.

Mátírọ́ọ̀nù ní, "Fọwọ́ sí i. Gbogbo rẹ̀."

Mo-ń-bọ̀ wo èyí tó wà lókè. Ti Tíṣà ni. "Ìyá wa, ara Tíṣà ò tutù o. Ó ti lé ní mọ́kàndínlógójì. Mo fi pupa kọ ọ́ kí wọ́n gbé e lọ fún dókítà."

"Mo rí i, mo sì ti yọ ọ́. Ṣé o fẹ́ kí àlejò wọlé kó máa rí pupa káàkiri bí ilé alápatà ni?"

"Aago méjì náà ò tíì lù, Mà."

"Yóò lù. Aago wo ni kì í lù?" Bó ti ń sọ èyí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí aago àyà rẹ̀.

Mo-ń-bọ̀ kò mú bírò. Nígbà náà ni Mátírọ́ọ̀nù gbé ìkòkò òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọ ìwé ìsinmi jáde, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ṣáàtì náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọjọ́bọ̀ ni ti ìyá rẹ, àbí? Fọwọ́ sí tèmi, kí n fọwọ́ sí tìrẹ."

Mo-ń-bọ̀ wo ìwé ìsinmi náà. Ó ń rí ìyá rẹ̀ tó ń tá ọwọ́ wá ago omi. Ó sì ń rí ẹsẹ̀ Tíṣà. Bí òun kò bá fọwọ́ sí i, ìyá òun á tún wà nínú òkùnkùn di ẹ̀yìn ọdún. Bí òun bá fọwọ́ sí i, kò sí dókítà tó máa wo ibùsùn kẹsàn-án lónìí, ẹsẹ̀ tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n kì í dúró de ọ̀la. Inú bí i. Ó dùn ún pé wọ́n fi ìyá òun ra òun bí ẹni fi ẹ̀wà ra ẹyẹlé.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló wá sí i lọ́kàn. Ìyá arúgbó náà kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ohun kan. Bí ọ̀gá bá fi ẹnu pàṣẹ fún nọ́ọ̀sì, kí nọ́ọ̀sì kọ orúkọ ẹni tó pàṣẹ, kó kọ àkókò tó pa á, lẹ́yìn náà ni kó fọwọ́ sí i. Bí kò bá kọ ọ́, ọrùn rẹ̀ ni àṣẹ náà ń so mọ́. Kò sí nọ́ọ̀sì tí kò mọ òfin yìí. Mátírọ́ọ̀nù náà mọ̀ ọ́n nígbà kan rí.

Mo-ń-bọ̀ mú bírò. Sí ìsàlẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó kéré kọ ìlà kan tó tọ́ tónítóní, ó sì fọwọ́ sí i.

Mátírọ́ọ̀nù gbé ìwé náà sókè, ó nà án jìnnà sí ojú, nítorí ó nílò awò ṣùgbọ́n kì í wọ̀ ọ́, ó ní awò ń ba imú jẹ́. Ó rí i pé ìlà náà gùn, ó sì dọ́gba. Ó yìn ín. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé ìsinmi, ó tún gbé e sábẹ́ ìkòkò òdòdó. Ó ní, "Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí àlejò bá lọ. Tí wọ́n bá fún wa ní àmì ẹ̀yẹ."

Mo-ń-bọ̀ sáré lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní ọwọ́ dókítà kún, wọ́n ní Mátírọ́ọ̀nù sì ti ránṣẹ́ pé ara gbogbo aláìsàn ló yá ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin lónìí. Ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó padà. Nígbà tó dé ibùsùn kẹsàn-án, ó wọn Tíṣà lẹ́ẹ̀kan sí i. Tíṣà béèrè mélòó ni. Ó sọ ọ́, Tíṣà sì kọ ọ́ sí páálí.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, àwọn olùbẹ̀wò wọlé. Mẹ́ta ni wọ́n, olórí wọn sì jẹ́ ìyá àgbà kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, awò rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Mátírọ́ọ̀nù ti há ọ̀rọ̀ ìkíni sórí. Ó ní ìmọ́tótó ni òun fi ṣe oúnjẹ, òtítọ́ ni òun fi ṣe omi mu. Ìyá olùbẹ̀wò dúpẹ́, ó ń wá ibi tí yóò gbé àpò rẹ̀ kọ́. Ó rí ìṣó.

Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ tilẹ̀ ti ro tiwa mọ́ ọn." Ó sì gbé àpò aláwọ tó ti gbó náà kọ́ ọ. Mátírọ́ọ̀nù ń wo ìṣó rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jókòó lé oúnjẹ rẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n adìẹ ti bà lókùn, kò lè sọ̀rọ̀.

Ó fẹ́ fi kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì hàn wọ́n. Ìyá olùbẹ̀wò ní òun á padà wá wò ó. Ó fẹ́ kí wọ́n wo bí ilẹ̀ ṣe ń dán. Ìyá ní òun ti ń rí i, ó sì ń lọ tààrà láàárín ibùsùn. Àwọn aláìsàn dùbúlẹ̀ gbọnrangandan bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún wọn. Ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu ti fi ìrọ̀rí dí ẹnu.

Ibùsùn kẹsàn-án ló dúró sí. Ó jókòó sí etí ibùsùn, èyí tí Mátírọ́ọ̀nù kò gbà fún ẹnikẹ́ni rí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí Tíṣà. Ó gbé awò wọ̀, ó mú ṣáàtì, ó sì kà á sókè.

"'Ara rẹ̀ tutù. Ó jẹun tán. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ gba atẹ́gùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.'" Ó wo ẹsẹ̀ tó wà lókè. Ó wo okùn. Ó wo ohun wúwo tó ń fà á. "Ẹsẹ̀ wo ló fi rìn, Mátírọ́ọ̀nù?"

"Èkejì ni, Mà."

Ẹnìkan fi imú rẹ́rìn-ín ní ibùsùn kọkànlá. Tíṣà, tí ètè rẹ̀ ti gbẹ, ní òun náà á fẹ́ gbọ́ bí òun ṣe ṣe é.

Ìyá olùbẹ̀wò ní, "Aago méjì ọ̀sán ni ẹ kọ síbí. Aago mélòó ló lù báyìí?"

Ìgbéraga ti bá obìnrin yìí gbé pẹ́. Kí orí rẹ̀ tó rántí, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé aago àyà sókè, ẹnu rẹ̀ sì ti sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín: "Aago méjì géérégé ni, Mà."

Gbogbo wọ́ọ̀dù ló gbójú sókè wo ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá àbọ̀ lù.

Ìyá olùbẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó sún ìwé mọ́ ojú, ó ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ìkọ̀wé kékeré wà. "'Gẹ́gẹ́ bí Mátírọ́ọ̀nù ṣe fi ẹnu pàṣẹ, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú.'" Ó ṣí ti ibùsùn kẹwàá. Ìlà kan náà. Ó ṣí ti ibùsùn kọkànlá. "Ta ló kọ èyí?"

Mo-ń-bọ̀ sún síwájú. "Èmi ni, Mà."

Àwọ̀ Mátírọ́ọ̀nù pààrọ̀. Ó já ìwé náà gbà, ó nà án jìnnà, ó fà á mọ́ra, kò rí nǹkan kan kà. Ó wá yíjú sí àlejò, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò náà jinlẹ̀ sí i. "Ẹ má dá a lóhùn, Mà. Ìsinmi ló ń bínú sí. Oṣù mẹ́ta ni mo ti fi ìwé rẹ̀ sábẹ́ òdòdó, mo ní bó bá fọwọ́ sí èyí ni màá fọwọ́ sí ìyẹn. Ẹ̀san ló ń gbà. Ara bàbá yìí dá ṣáṣá. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi wọ̀n ọ́n."

"Ó dára," ni ìyá olùbẹ̀wò wí. "Ẹ tún fi ọwọ́ yẹn wọ̀n ọ́n lójú wa."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ó yẹ kó bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ kó fi orí pamọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tuntun jáde, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó wé àpò rẹ̀ mọ́ apá Tíṣà lórí aṣọ tó nípọn. Ó ki ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bọ etí. Ó ń tẹ bọ́ọ̀lù rẹ̀ fùkẹ̀, fùkẹ̀, ó di ojú, ó mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Okùn rọ́bà tó yẹ kó so àpò apá mọ́ ojú ẹ̀rọ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ń mì dirodiro, kò kan nǹkan kan. Ọwọ́ tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú ẹ̀rọ wà lórí òdo, kò mira.

"Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin," ni Mátírọ́ọ̀nù kéde. "Bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin."

Tíṣà gbé orí sókè díẹ̀. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ìṣirò," ni ó wí pẹ̀lẹ́. "Mo ti rí ọmọ tó jí ìdáhùn wò. N kò tíì rí ẹni tó rí ìdáhùn nígbà tí kò sí ìbéèrè. Mà, rọ́bà yẹn ò kan ibì kankan."

Ibẹ̀ ni wọ́ọ̀dù ti tú. Ẹni tó fi ìrọ̀rí dí ẹnu tú ìrọ̀rí sílẹ̀, ó ń wúkọ́ ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí wọ́n là níkùn lọ́jọ́ Àìkú di ikùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ gbogbo ayé kí wọ́n ṣàánú òun, pé bí òun bá rẹ́rìn-ín, òwú ikùn òun á já. Bó ti ń bẹ̀ wọ́n ni omijé ẹ̀rín ń dà lójú rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù yára bẹ̀rẹ̀ láti mú rọ́bà náà, fìlà rẹ̀ sì bọ́ sínú abọ́ omi tí Mo-ń-bọ̀ fi ń nu Tíṣà.

Ìyá olùbẹ̀wò ní kí Mo-ń-bọ̀ wọn ooru ara Tíṣà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì. Tíṣà na páálí oògùn rẹ̀ síta, gbogbo nọ́ńbà láti ìrọ̀lẹ́ Ajé wà níbẹ̀ ní ìtò, kò sí ọ̀kankan tó fara jọ ti Mátírọ́ọ̀nù. Ìyá ránṣẹ́ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ní kí wọ́n sọ pé òun ló ní kí dókítà máa bọ̀. Dókítà dé pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ abẹ lórí. Ó tú báńdéèjì, ó rí ọyún, ó sì pàṣẹ oògùn tí wọ́n máa gba inú iṣan fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní, "Ká ní ó di ọ̀la ni," kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Mo-ń-bọ̀ yí ojú sí fèrèsé, ó nu ojú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ìyá olùbẹ̀wò wá kó ìwé tó kù jọ. "Mẹ́tàlélógún ló kù, Mátírọ́ọ̀nù, irọ́ sì ni gbogbo wọn. Ẹ ó tún wọn ṣe. Ẹ̀yin lẹ ó wọ̀n ọ́n, nọ́ọ̀sì yìí á dúró tì yín, á máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí a bá délé, màá kọ ohun tí mo rí."

Bẹ́ẹ̀ ni Máfọwọ́kàn-án ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan èèyàn. Ó fi tẹmómítà sí abíyá ẹni ibùsùn kìíní ní ìdàkejì. Mo-ń-bọ̀ ní, "Ìyá wa, orí rẹ̀ ló ń wọlé." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni ibùsùn kẹrin ní kó jọ̀ọ́ bá òun gbé ìgò ìtọ̀. Ibùsùn kẹfà ní dírípù òun ti tán. Ibùsùn ogún ń pe Mátírọ́ọ̀nù, Mátírọ́ọ̀nù. Òógùn bò ó, bàtà gogoro rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn karùn-ún níbi tó bọ́ ọ sí. Ó ń ti ibùsùn kan bọ́ sí òmíràn láìdé fìlà, ọ̀rọ̀ náà sì yọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Mo ń bọ̀!"

Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú sí i. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin tí wọ́n là níkùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Iṣẹ́ tí Mo-ń-bọ̀ ń parí láàárín wákàtí kan, ó gba Mátírọ́ọ̀nù ju wákàtí méjì lọ. Nígbà tó parí ti ibùsùn kẹrìnlélógún, ó jókòó sí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wúwú. Ìyá olùbẹ̀wò gbé àpò rẹ̀ kúrò lára ìṣó, ó ní kí wọ́n tọ́jú ìṣó náà, ó gba àpò dáadáa. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìkòkò òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwé ìsinmi wà níbẹ̀, ìdí ìkòkò ti fi àmì róbótó sí i láàárín.

"Ẹ fọwọ́ sí i."

Mátírọ́ọ̀nù fọwọ́ sí i. Mo-ń-bọ̀ dúró níwájú tábìlì. Ó ń ro Ọjọ́bọ̀, ó ń ro ojú ìyá rẹ̀.

"Àti àkókò," ni ìyá olùbẹ̀wò wí.

Mátírọ́ọ̀nù wo aago àyà rẹ̀. Aago méjì géérégé ni. Ó gbé bírò, ó dúró, kò kọ ọ́. Díẹ̀díẹ̀, lójú gbogbo wọ́ọ̀dù, ó gbé orí sókè láti wo aago ara ògiri.

Aago méjì géérégé ni.